Ọfà Inú Tẹlifíṣọ̀n Bàbá Mi

Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi nínú ilé wa ní Bódìjà. Kò pa wọ́n. Ó mú apá ọ̀tún wọn, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Tíṣà ìṣirò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi dúró níwájú pátákó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Lójijì, ilé dákẹ́. Màmá mi ti kú ọjọ́ ti pẹ́, nítorí náà èmi nìkan ni mo kù láti máa bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi a sọ ti èmi, èmi a sì tún dáhùn.

Obìnrin físíò kan máa ń wá láti Ríìngì Róòdù ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, ó ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún un pọ̀. Bàbá mi gbà á, wọ́n mi orí láti dúpẹ́, wọ́n sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú òmíràn wá. Ìyẹn náà wọ dúrọ́ọ̀. Nígbà tó di mẹ́rin, mo ní kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́.

Òjò ló mú kọ̀ǹpútà náà jáde. Òrùlé ibi tí a ń kó ẹrù sí ń jò, mo wá ń palẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ni mo bá rí páálí kan tí wọ́n fi okùn dì. Kọ̀ǹpútà tí bàbá mi gbé bọ̀ láti ìlú òyìnbó nígbà tí wọ́n lọ kàwé níbẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mo ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Kò jọ kọ̀ǹpútà tòde òní. Pátákó ìtẹ̀wé lásán ni ènìyàn máa rí. Tẹlifíṣọ̀n ni ojú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì sì ni ọpọlọ rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nínú páálí náà. Méjì nínú wọn ti bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni géèmù tí wọ́n fi ń ju ọfà kéékèèké mọ́ pátákó róbótó.

Mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Àgbówó. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Àǹtí, ṣé mùsíọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ gbé e lọ ni?”

Mo ní rárá o, bàbá mi ni mo fẹ́ gbé e fún. Ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ṣe é.

Kí géèmù náà tó wọlé, kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, bí ológbò méjì tó ń jà nínú agolo. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fara kan tábìlì. Bí iná bá lọ, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Iná sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ariwo náà bá dáwọ́ dúró, orin á gba ibẹ̀. Orin náà kò ní ọ̀rọ̀. Ohùn mẹ́ta tín-ín-rín ni: ọ̀kan ń sáré, èkejì ń lé e, ẹ̀kẹta ń dún kó-kó-kó nísàlẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dà bí orin ìsìn tí ẹni tó ń tẹ dùùrù ní mọ́tò tó ń dúró dè é níta. Tó bá dé ìparí, á tún bẹ̀rẹ̀ láìtijú.

Nígbà tí orin náà dún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá mi tó kọjú sí ògiri nínú àga yí padà.

Ọwọ́ kan ló wà nínú géèmù náà, tó mú ọfà dání níwájú pátákó. Ọwọ́ náà kì í dúró lójú kan. Á lọ sókè, á rọ̀ sísàlẹ̀, á máa gbọ̀n. Ìwọ náà á máa fi ọ̀pá kékeré kan tó ní bọ́tìnnì pupa darí rẹ̀. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, ọfà á lọ. Bàbá mi wo ọwọ́ inú tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n wo tiwọn, wọ́n sì na ọwọ́ ọ̀tún sí ọ̀pá náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbé ìyẹn náà sí dúrọ́ọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ọ̀kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọfà rẹ bá bà ni wọ́n ń yọ kúrò, títí yóò fi ku òfo. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ìlà tín-ín-rín etí pátákó, níbi tí iye ti ń di ìlọ́po méjì. Bí o bá jù kọjá ohun tó kù, wọn ò kà á. Alátakò márùn-ún ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ọkùnrin oníkùn ńlá ni gbogbo wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ni ó rọrùn jù. Ó na bàbá mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí o bá pàdánù, ẹ̀rọ náà máa ń kọ orin kúkúrú kan, bí èyí tí ènìyàn ń kọ níbi òkú ẹni tí kò mọ̀ dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jókòó tì wọ́n. Ohun tó kù fún wọn hàn lójú tẹlifíṣọ̀n.

“Ó ku forty-five, Dádì,” ni mo wí.

Wọ́n wò mí bí wọ́n ti máa ń wo ọmọ tí kò mú ìwé wá sí kíláàsì. Ẹnu wọn ń wá nǹkan. Ó wá a pẹ́.

“Àrúndínláàádọ́ta.”

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ènìyàn ní ìṣirò jálẹ̀ ayé wọn. Ìyẹn ti lọ pátápátá. Èyí tí ìyá wọn fi kọ́ wọn ka iṣu ló ṣẹ́kù. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́ kan tó mọ́ ní kíṣìnnì. Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí wọ́n tún un sọ, nítorí pé ẹkún ń gbọ̀n mí, àti pé mi ò mọ iye tí wọ́n pè. Èmi ò kọjá ogún nínú Yorùbá.

Láti ọjọ́ náà, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọfà wọn á bà, wọ́n á pe ohun tó kù, èmi á pè é tẹ̀lé wọn. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á kọ̀, wọn ò ní ju ọfà tó kàn.

Ọ̀rẹ́ wọn kan, pásítọ̀ onítẹ̀bọmi tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Baṣọ̀run, máa ń wá gbàdúrà fún wọn ní ọjọ́bọ̀. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bá wa nídìí géèmù náà, wọ́n na ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sí tẹlifíṣọ̀n.

“Kí ni ọkùnrin yìí ń mu?”

“Bíà ni, sà.”

“Nínú ilé Tíṣà?”

Wọ́n gbàdúrà gígùn lòdì sí ẹ̀mí ọtí líle. A ṣe àmín. Pásítọ̀ la ojú, wọ́n wo tẹlifíṣọ̀n náà fún ìgbà díẹ̀.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń jù ú?”

Láti ìgbà náà, wọn ò pẹ́ lórí àdúrà mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù tó kọjá, mo wà níbi iṣẹ́ ní ilé ìta oògùn kan ní Ṣáléńjì, ni pásítọ̀ bá pè mí.

“Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé. Nísinsìnyí.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?”

“Kò ṣeé sọ lórí fóònù.”

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo bọ́ sínú takisí. Mo gbàdúrà láti Ṣáléńjì dé Mọ́kọ́lá. Láti Mọ́kọ́lá, mo ń ronú aṣọ dúdú tí mo ní. Mo sáré wọlé, mo bá àwọn méjèèjì lórí àga, wọ́n jókòó bí ẹni ń dúró de fọ́tò. Orin kan tí n kò gbọ́ rí ń dún látinú tẹlifíṣọ̀n, ó gùn, ó sì ń yọ̀.

“Alátakò karùn-ún ni,” ni pásítọ̀ wí. “Ó ku méjìlélọ́gbọ̀n fún Tíṣà. Ọfà bọ́ sínú mẹ́rìndínlógún, kò kan etí. Ó wá ku mẹ́rìndínlógún. Wọ́n sinmi. Wọ́n ju ìlọ́po méjì mẹ́jọ. Ó wọlé! A ò lè pa ẹ̀rọ náà kí o tó rí i. Ta ni ì bá gbà wá gbọ́?”

Mo jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ bínú, ó kọ̀.

Ẹ̀rọ náà ń dúró kí ẹni tó borí kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àyè lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà. Pásítọ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí lẹ́tà jẹ́ mẹ́ta, tí àwa náà sì jẹ́ mẹ́ta, ó yẹ kí a pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Rárá,” ni bàbá mi wí. Ó já gaara.

Wọ́n fi ìka ọwọ́ ọ̀tún wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Ó gba àkókò. Orin náà yí po lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n tó ṣe tán.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi fa mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n bi mí bóyá nǹkan ti rọlẹ̀ nílé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. A borí.