Ariwo Tí Kì Í Bú Rẹfirí

Ojú Bàbá mi ti fọ́ tó ọdún mẹ́fà kí àrùn kòrónà tó dé. Kì í ṣe pé ó fọ́ lọ́jọ́ kan. Àìsàn tó mú un ń bu ojú náà jẹ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó kù fi dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, ihò náà sì wá dí. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà lẹ́nu iṣẹ́ yunifásítì, níbi tó ti ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ìyá mi ti kú. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé wa ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀, mo sì ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà.

Ohun tí ojú fífọ́ kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń wo bọ́ọ̀lù àwọn Òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n. Wíwò ni òun náà ń pè é, nítorí ó ní ẹni tó ń bá a wò ó. Àlàájì kan ni, tó ń ta àgbò ní Sábó. Fíríìjì ló pa wọ́n pọ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré. Ìyàwó Àlàájì ń ta kunu tútù, fíríìjì rẹ̀ bàjẹ́, ẹnì kan sì júwe Bàbá mi fún wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Kánò ni wọ́n bí Àlàájì sí, ṣùgbọ́n ó ti dé Ilé-Ifẹ̀ kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù, ó sì gbọ́ ẹ̀ka èdè Ifẹ̀ ju èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ.

Àlàájì kì í sọ bọ́ọ̀lù bí àwọn tó ń sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́. Ojú ẹni tó ń ra ẹran ló fi ń wo àwọn agbábọ́ọ̀lù. Á ní èyí lágbára níwájú ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Á ní ẹni gíga yẹn ti ṣubú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó kàn ń wo rẹfirí bí àgbò tó rí ẹni tó mú èèpo iṣu dání. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi á wà nílé ìdáná. N kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, n kò sì fẹ́ mọ̀. Ọ̀sán Sátidé nìkan ni mo máa ń sinmi ìtọ́jú Bàbá, nítorí mo mọ̀ pé Àlàájì wà níbẹ̀.

Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, bọ́ọ̀lù dúró káàkiri ayé, Àlàájì náà sì dúró sí Sábó. Bàbá kò ráhùn. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní ìyẹn náà tó, nígbà tí kò kúkú sí bọ́ọ̀lù. Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ìtọ̀ ṣúgà tún wà ńbẹ̀, gbogbo ìròyìn tí mo ń gbọ́ sì ń sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni àrùn náà ń mú lọ. Mo fi sánítáísà nu ọwọ́ ilẹ̀kùn títí ọ̀dà rẹ̀ fi bó. Àwọn ènìyàn ń fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi: pé àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹran bọ̀ láti Òkè Ọya ń fi ènìyàn pamọ́ sáàárín ẹran, pé àwọn yẹn ni wọ́n ń gbé àrùn kiri. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá òótọ́ ni. Èmi tíṣà, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n máa béèrè ẹ̀rí.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí bọ́ọ̀lù padà dé. Wọ́n ń gbá a láìsí òǹwòran kan nínú pápá. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo jókòó sórí àga Àlàájì, mo sì sọ fún Bàbá pé èmi ni n ó máa sọ ọ́ fún un. A ń gbọ́ ìró bàtà lára bọ́ọ̀lù. A ń gbọ́ olùkọ́ni tó ń pariwo létí pápá, ohùn rẹ̀ sì ń ta padà láti orí àwọn àga tó ṣófo. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Bàbá fi ní kí n pa á.

"Ó dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú kúrò," ó wí.

Ó táràrà wọ yàrá rẹ̀ lọ, kò sì jẹ iṣu tí mo sè.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣàlàyé fún mi pé àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti wá ọgbọ́n sí i. Wọ́n gba ariwo èrò sílẹ̀ láti ìgbà tí pápá ṣì ń kún, wọ́n sì ń fi í sábẹ́ bọ́ọ̀lù tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ lè yan ìkànnì tó ní ariwo. Ní Sátidé kejì, mo fi rìmóòtù wá ìkànnì náà rí, ariwo sì bo pálọ̀ wa. Bàbá gbé orí sókè. Ó bi mí bóyá àwọn èèyàn ti padà sínú pápá.

Mo wo àwọn àga inú pápá náà. Aṣọ gbọọrọ ni wọ́n fi bò wọ́n.

"Wọ́n ti padà, Bàbá," mo dáhùn. "Ó kún."

N kò rò ó kí n tó sọ ọ́. Ojú rẹ̀ tàn, ó fà síwájú lórí àga, ó sì wò ó títí dé òpin, bí mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ gátagàta, tí n kò mọ ọ́fúsáídì yàtọ̀ sí kọ́nà. Nígbà tó parí, ó ní kí n gbé fóònù òun wá, ó tẹ nọ́ńbà tó mọ̀ lórí, ó sì sọ fún Àlàájì pé bí Òyìnbó bá ti lè kó èèyàn sínú pápá, àrùn ti ń kógbá wọlé nìyẹn, kí ó máa bọ̀ ní Sátidé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo lè sọ òótọ́ nígbà náà. Mo lè pe Àlàájì lẹ́yìn rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e. N kò ṣe ọ̀kan kan nínú méjèèjì.

Ní Sátidé, Àlàájì dé. Ó wọ ìbòmú funfun tó mọ́ tónítóní, òun fúnra rẹ̀ sì dúró jìnnà sí géètì. Ó mú wàrà tí ìyàwó rẹ̀ ṣe dání nínú ọ̀rá. N kò ṣí géètì. Mo sọ fún un pé Bàbá ń sùn. Ó ní kò burú, òun ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta títí tí yóò fi jí. Ó ní òun kò tilẹ̀ ní wọlé. Kí n kàn yí tẹlifíṣọ̀n sí fèrèsé, òun ó dúró níta, òun ó máa sọ bọ́ọ̀lù fún un láti ibẹ̀. Ó ti rò ó wá láti ilé. Bí mo bá gbà, kò sí ewu kankan níbẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti sọ mí di ẹlòmíràn.

"Àlàájì, ẹ má bínú," mo wí. "Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín àwọn tó ń ti Òkè Ọya bọ̀, a ò mọ ohun tí ẹ gbé dání."

Ó ní òun ti gbọ́. Ó fi ọ̀rá wàrà kọ́ ẹnu géètì, ó sì yí padà, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ. Nígbà tí n kò rí i mọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo sì ju wàrà náà sínú garawa ìdọ̀tí.

Bàbá, tí kò sùn rárá, béèrè ẹni tó wà níta. Mo ní ẹnì kan tó ń béèrè ọ̀nà ni. Ó dúró de Àlàájì títí bọ́ọ̀lù fi parí. Nígbà tó pè é, Àlàájì sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ni. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ni. Ó bo àṣírí mi, kò sì tún wá sí ilé wa mọ́. Nígbà tó yá, ìpè náà di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó sì wá dáwọ́ dúró. Bàbá sọ lọ́jọ́ kan pé ó jọ pé Àlàájì ti gbàgbé òun.

Dípò kí n fèsì, mo ra fóònù ńlá fún un. Mo gbé bọ́ọ̀lù sórí rẹ̀, mo wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi gbohùngbohùn kékeré sínú etí. Kò nílò tẹlifíṣọ̀n mọ́, kò nílò iná, kò nílò èmi náà. Ilé wa wá dákẹ́ ní ọ̀sán Sátidé. Mo máa ń yọjú wò ó láti ilé ìdáná, á jókòó gbọnrangandan, á máa gbọ́ ohun tí n kò lè gbọ́. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Òǹwòran padà sínú pápá ní tòótọ́. Ilé ìwòran tó wà lópòópónà wa náà kún, àwọn èèyàn ń fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọkàn mi kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbé àwo rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni ariwo ọjọ́sí, pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú pápá.

"Mo mọ̀," ó wí. "Ariwo tí kì í bú rẹfirí, ariwo wo nìyẹn? Rẹfirí ń rẹ́ ẹgbẹ́ wọn jẹ, èrò ń kọrin. Ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ.

"Mo rò pé bí mo bá gbà fún ẹ pé àrùn ń lọ, wàá jẹ́ kí Àlàájì wá." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Kò kúkú wá."

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti sọ ìyókù. Mo gbé àwo lọ sí ilé ìdáná, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, mo tún fọ àwọn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Sábó. Àlàájì wà lábẹ́ tapólì láàárín àgbò rẹ̀, ó ti rù. Ó ní kí wọ́n fún mi ní àpótí jókòó, ṣùgbọ́n orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo bá wá. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹsẹ̀ Bàbá tó máa ń wú ti fà. Lẹ́yìn náà ló dáhùn.

"Ọmọ mi, n kò bá ẹ jà. Ẹ̀mí bàbá rẹ lò ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti wà nílùú yìí. Ibí ni mo sin ìyá mi sí, ibí ni mo sin ọmọ méjì sí. Ẹnu géètì yín ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ni mí."

Ohùn rẹ̀ kò le. Ìbá sàn fún mi bó bá le. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún máa wá sílé wa. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní gbà, kì í ṣe ti àìsàn; kí n gbé Bàbá wá bá òun ní Sábó.

Láti Ìlódè sí Sábó kò jìnnà. Síbẹ̀, mo fi oṣù méjì wá àwáwí: òjò ń rọ̀, mo ní ìdánwò láti máàkì, ara Bàbá kò yá tó. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fojú kan ara wọn, ọ̀rọ̀ géètì yóò jáde. Mo ní kí wọ́n máa pe ara wọn, kí wọ́n jọ máa wo bọ́ọ̀lù ná. Ti Àlàájì, tó ń wò ó láti orí díkódà, máa ń yá ju tiwa tó ń gba orí fóònù ńlá lọ, nítorí náà yóò ti pariwo góòlù kí bọ́ọ̀lù tiwa tó dé ẹnu góòlù. Bàbá ní Àlàájì ti di wòlíì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń dágbére, Àlàájì á béèrè ìgbà tó ń bọ̀, Bàbá á sì yí ojú sí ibi tó gbà pé mo jókòó sí.

Ọjọ́ kan dé tí n kò rí àwáwí kankan mọ́. Mo wọ bàtà fún un, a wọ takisí, mo sì fà á lọ́wọ́ wọ pálọ̀ Àlàájì. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi jáde lọ jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, mo ní n kò fẹ́ dá wọn lọ́wọ́ kọ́. Mo gbọ́ Àlàájì tó ń sọ pé asọ́lé yẹn ń sá fún bọ́ọ̀lù bí ẹran tó rí ọ̀bẹ, mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá. Nígbà ìsinmi ìlàjì, ohùn àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú takisí tí a wọ̀ padà, mo ń retí kí ó bi mí. Ó ní kí awakọ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀ fún òun. Ó sọ pé láti ìsinsìnyí lọ, Sátidé Sátidé ni kí n máa gbé òun lọ síbẹ̀. Mo dáhùn pé ó dáa, sà. Ó tún béèrè bóyá iṣu ṣì wà nílé.

Mo ti ń gbé e lọ láti ìgbà náà. N kò mọ̀ bóyá Àlàájì sọ ọ̀rọ̀ géètì fún un, n kò sì tíì sọ ọ́ fúnra mi. Ní ọ̀sán Sátidé, bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti wọ bàtà fún un, á gbé ọwọ́ lé èjìká mi, kò ní tètè gbé e kúrò, bí ẹni pé ó ń fún mi láyè láti sọ̀rọ̀. Mo máa ń so okùn bàtà náà, mo sì máa ń ní kó dìde.