Ibi Tí Òtútù Kò Sí

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò mi obìnrin máa ń bi pásítọ̀ tó bá wá gbàdúrà fún un nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́: “Sà, ṣé kò sí òtútù lọ́run?”

“Kò sí, ọmọ mi.”

“Ìyẹn tó mi. Òpópónà oníwúrà, kí wọ́n fún ẹlòmíì.”

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo eegun rẹ̀ á máa ro ó. Lọ́jọ́ kan, bí màmá wa ṣe ń fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún: “Kí ló dé tí Olúwa ò wò ẹ́ sàn?”

“Màmá, Ó ní Òun máa nu omijé wa nù. Bí a bá gbé ojú gbígbẹ débẹ̀, kí ni Ó máa nù?”

Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kú sí. Mo gbà pé ó ti dé ibi tó ń béèrè. Màmá náà gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láàárọ̀ yìí tí ọyẹ́ tún dé, mo bá wọn ní yàrá rẹ̀, wọ́n ń tẹ́ kúbùsù sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo.

“Màmá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.”

“Mo mọ̀,” ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì rọra ki etí kúbùsù náà bọ abẹ́ fóòmù.