Ẹ̀ka Kan Lára Igi Kan

Ní gbogbo agbègbè Puna, kò sí ẹni tó mọ igi ohia ju Naihe lọ, àfi èmi tí mò ń fi imú lásán mọ èyí tó máa tanná lọ́la.

Láti ayé baba ńlá wọn, ìdílé Naihe ló ń wá lehua, òdòdó pupa orí ohia, fún pẹpẹ ijó hula. Àṣà wọn ni pé a kì í tú igi kan síhòòhò. Ẹ̀ka kan lára igi kan. Wàá dúpẹ́, wàá bọ́ sídìí èkejì. Naihe kò fi í ṣeré. Ojú mi kòró ló ṣe gé ẹ̀ka lára igba igi láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àdá baba rẹ̀, kò sì mumi.

Lọ́dún tó kọjá, igi kan nísàlẹ̀ igbó rọ lójijì, ewé rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé iná jó o.

Naihe ní, "Ogbó ni." Ó gé ẹ̀ka tirẹ̀ náà, kó má bàa rò pé wọ́n pa òun tì. Ó dúpẹ́, ó kọjá sídìí èkejì.

Kó tó di Kérésì, ọgbọ̀n igi ti kú. Ìjọba rán ọmọbìnrin kan wá, ó lu ihò sára igi, ó kó èérún rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní:

"Bàbá, àrùn kan ni, bí olú tó ń hù nínú igi. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé. Àdá mélòó lẹ fi ń gé wọn?"

"Ọ̀kan ṣoṣo. Ti bàbá mi."

"Ẹ máa ń fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó kan èkejì?"

"Ṣé àwo tí wọ́n fi ń jẹ poi ni?"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àdá yẹn ló ń gbé e kiri."

Naihe bèèrè pé, "Ká ní ara igi kan ṣoṣo ni mo ti gé gbogbo rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn nìkan ni ì bá kú."

Èmi fúnra mi po oògùn tí kò sí ní ìwé kankan, mo dà á sídìí igi mẹ́ta. Àwọn ló kọ́kọ́ kú. Ó lè jẹ́ pé gbòǹgbò wọn ti jẹrà kí n tó dé.

Nígbà tó yá, Kawehi àbúrò Naihe, tó ń kọ́ni ní hula, wá gba òdòdó.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀nba díẹ̀."

"Kò sí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ahun! Àwọn igi tí ewé wọn ṣì tutù lọ́hùn-ún yẹn ńkọ́?"

"Mọ́kànlá ni. Mo ti gé ẹ̀ka lára gbogbo wọn kí n tó mọ̀. Wọ́n ní ó lè pé ọdún kan kí ewé tó fi àrùn náà hàn."

Kawehi kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ewé lásán ló fi ṣe pẹpẹ.

Láràárọ̀ ni Naihe ń lọ wo ewé àwọn mọ́kànlá náà. Lánàá, ó ku mẹ́sàn-án. Mo ní kí n bá a lọ, ó ní kí n jókòó.