Ọjọ́ Tí Akàn Jogún Ọ̀sà Wa

Nígbà tí kafé kọ̀ǹpútà kún àdúgbò Benson ní Ìkòròdú bí ìsọ̀ búrẹ́dì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi pinnu pé a máa dá ọ̀sà tiwa sílẹ̀. Èmi ni mo ń kọ kóòdù, òun ló ń yàwòrán. Géèmù ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì lèèyàn á ti máa fi ṣeré. Oníkálukú á mú ẹ̀dá kan, ẹja, ẹyẹ, edé, ohun tó bá wù ú, á máa jẹ, á máa sá, á máa bímọ. Àwọn ọmọ ò ní jọ ìyá wọn tán. Ẹnu ọ̀kan lè fẹ̀ díẹ̀, ìrù òmíràn lè gùn sí i. Èyí tó bá rí oúnjẹ jẹ ló máa bí ìran tó kàn. A ò sọ bó ṣe máa parí fún ẹnikẹ́ni, torí àwa gan-an ò mọ̀.

Ọ̀gá tó ni kafé kan fún wa láyè lọ́sàn-án Sátidé. Ó ní ká lo gbogbo kọ̀ǹpútà, kìkì pé òun náà gbọ́dọ̀ bá wa ṣeré. Ọ̀nì ló mú. "Ṣé ẹ rí eyín mi?" ló ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó kàn wá ka ímeèlì pàápàá jókòó, wọ́n mú èpìyà, wọ́n mú àrọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, obìnrin tó jù mí lọ, tó ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀pẹ́, wọlé sórí géèmù náà láti kafé tiwọn lọ́hùn-ún. Akàn nìkan ló kù tẹ́nikẹ́ni ò mú, ló bá mú akàn.

Ariwo sọ! Gbogbo ẹja ń tóbi, torí ẹnu ńlá ló ń yó. Ọ̀nì ọ̀gá tóbi débi pé ojú kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń fò lórí àga. Nígbà tó yá, edé tán. Ẹja kéékèèké tán. Àwọn ẹja tó ń jẹ ewé náà tán, ni ojú-oró bá ń gbilẹ̀, ó bo omi, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ewé. Ọ̀nì kú. Ọ̀gá gbọ́wọ́ lérí.

"Ebi! Ebi pa mí nínú kafé ara mi!"

Mo rò pé kóòdù mi ló bàjẹ́. Mo ti nawọ́ láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú.

"Má fọwọ́ kàn án! Wo abẹ́ ewé yẹn."

Nǹkan kan ń rìn níbẹ̀, ó kéré bí hóró ìrẹsì. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Akàn ni! Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń kéré sí i, torí ẹja kì í rí èyí tó kéré, ewé díẹ̀ sì ń yó o. Wọ́n ti kún abẹ́ ojú-oró fọ́fọ́. Mi ò kọ ìlà kankan pé kí akàn kéré. Ọ̀sà yẹn ló dá a ṣe.

Fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti Ẹ̀pẹ́.

"Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ibo lẹ wọlẹ̀ sí? Mo ń wá yín káàkiri!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo wa ti kú! Ẹ̀yin nìkan lẹ kù!"

"Ẹ ti kú? Kí wá ni mo ṣe?"

"Ẹ kéré ni, mà!"

Ẹ̀rín tó bú sí pọ̀ débi pé mo gbé fóònù jìnnà sétí. Mo gbé e sókè kí gbogbo kafé lè gbọ́, làwọn náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń lu tábìlì, ó ní òun fẹ́ padà wá sáyé, ṣùgbọ́n òun ò ṣe ọ̀nì mọ́.

"Ṣé èèyàn lè ṣe ojú-oró?" ló bi wá.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wojú ara wa. A ò ronú kàn án rí. A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Géèmù náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọdún mélòó kan. Àwọn tá ò mọ̀ rí wọlé láti ìlú tá ò dé rí. Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn ni mo máa ń rántí jù, bá a ṣe jáde sí Benson, tí à ń fò fáyọ̀, tí ọlọ́kadà kan sì wò wá tìyanu-tìyanu.

"Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ṣé físà lẹ rí gbà ni?"

"Rárá o," ni ọ̀rẹ́ mi wí, "akàn ni!"

Ó gbé wa. A rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀ débi pé ó bẹ̀ wá ká rọra, ká má baà gbé òun ṣubú.