Ìkíni Tí A Kò Gbọ́

Yàrá tí a ń kó ẹrù sí nílé wa ní Ìrẹmọ ni ọmọbìnrin mi sọ di sítúdíò. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló fi bo ògiri, kí ariwo ọ̀kadà má bàa wọ inú orin rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kan fèrèsé pa pátápátá, mo kọ̀, torí ooru. Èmi fúnra mi ni mo wọn fèrèsé náà, tí káfíńtà fi ṣe pákó onífóòmù tó ṣeé yọ.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀, mo jókòó tì í, mo ń wò ó bóyá ooru ń mú un jù. Bó ṣe kọrin tán ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ilẹ̀kùn wọlé.

“Ìyàwó wa, mo kí yín títí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò dá mi lóhùn. Kí ni mo ṣe?”

Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, mà. A ò gbọ́ ni!”

Ó tan orin náà fún wọn. Ohùn rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí ohùn wọn máa ń dé agboolé kejì, tẹ́tí títí orin fi parí.

“Ohùn tèmi yìí náà ni ògiri gbé mì?”

Mo yọ pákó fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀ wọ́n.