Ìlà Àwọ̀ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí wọ́n ti ń gé bébà lọ, bàbá mi ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ pé ìka kan ṣoṣo lẹ fi ń tẹ fọ́tò jáde, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún fún yín. Ẹ̀rọ wa kò lè tẹ àwọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bébà kan náà máa gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin: ó gba yẹ́lò, ó gba pupa, ó gba búlúù, ó sì gba dúdú kẹ́yìn. Kí a lè mọ̀ bóyá íńkì kan pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, bàbá mi máa ń to àmì kéékèèké mẹ́rin sí etí bébà àkọ́tẹ̀, àwọ̀ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà àwọ̀ la ń pè é. Ó wá ní ojúlówó ìlà àwọ̀ kan tó rà bọ̀ láti Ìbàdàn, òun ló fi ń yẹ ti etí bébà wò. Bí méjèèjì bá jọra, iṣẹ́ pé nìyẹn.

Inú àpòòwé ni ojúlówó yìí ń gbé, nínú tábìlì bàbá mi. Èmi ló ń rán pé kí n mú un wá, èmi náà ló ń rán pé kí n dá a padà, bí ìgbà ogún lóòjọ́. Ọ̀lẹ ni mí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ kan mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkè Olósùnta, mo sì gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kó má baà ṣí. Nígbà tí bàbá mi wọlé, mo ti ń wá ibi tí mo máa sá gbà. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó ní ọmọ òun gbọ́n, pé àwọn oníbàárà náà á lè rí i pé ilé iṣẹ́ òun kì í ṣe ti gbà-jẹ́-n-sinmi. Oòrùn ọ̀sán sì ń gba fèrèsé yẹn wọlé lójoojúmọ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ tó bá pẹ́ lóòrùn á ṣá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó dé orí ìlà àwọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣá, bàbá mi náà sì ń dín íńkì kù díẹ̀díẹ̀ kí tirẹ̀ lè bá a dọ́gba. Láàárín ọdún méjì, kò sí ẹni tí a tẹ fọ́tò rẹ̀ tí kò pupa. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe kàlẹ́ńdà lọ́dọ̀ wa. Àgbẹ̀ kòkó tí oòrùn ti sè jinná ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n nínú kàlẹ́ńdà, ńṣe ni wọ́n dà bí ẹni tí kò jáde nílé rí. Inú àwọn obìnrin dùn débi pé wọ́n ń ti Emùré àti Ìláwẹ̀ wá. Atẹ̀wé kan tí a jọ ń du oníbàárà tiẹ̀ rán àbúrò rẹ̀ wá kó wá yọjú wo irú ìpara tí a ń pò mọ́ íńkì. Bàbá mi kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin àgbẹ̀ kan fi wá láti Àìsẹ̀gbá. Ìyá rẹ̀ ló kú, ọjọ́ kẹta ni wọ́n máa sin ín, ó sì ti gbé iṣẹ́ àwòrán ńlá tí wọ́n máa lẹ̀ káàkiri ìlú fún wa. Ó wá yẹ àkọ́tẹ̀ wò. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ọn títí.

“Yèyé mi kọ́ rè é,” ló wí. “Yèyé mi dú. Obìnrin yìí, éè ṣe ará ulé wa.”

Bàbá mi ní kó má bínú, pé fọ́tò tó mú wá ló ṣókùnkùn. Ó fi ìlà àwọ̀ etí bébà hàn án, ó fi ti ara ògiri hàn án, ó ní ṣé kò rí i pé wọ́n bára mu rẹ́gí ni. Ó tún pa á lówe pé bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọkùnrin náà kò wo ògiri. Ó ní dúdú ìyá òun yẹn ni bàbá òun rí lọ́jà tó fi fẹ́ ẹ, pé adúmáadán ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí ó fi kú. Bí wọ́n bá wá lẹ obìnrin pupa kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ta ni àwọn àna máa wá kí? Ó ní kí a kó fọ́tò òun fún òun, kí wọ́n kúkú sin ín láìsí àwòrán. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni omi ń dà lójú rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Inú bí bàbá mi. Ó fa ìlà àwọ̀ náà ya kúrò lára ògiri kó lè gbé e dé iwájú rẹ̀, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi dí etí rẹ̀ sì ṣí kúrò. Ibi tí bébà yẹn bò ṣì dú, àwọ̀ rẹ̀ ṣì ki; ibi tó kù ti ṣá bí aṣọ ilé-ìwé mi. Bàbá mi gbé e wò lójú fèrèsé. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

“Ùwọ lo lẹ̀ ẹ́,” ni bàbá mi wí, “èmi ni mo yìn ọ́.”

Ó bẹ ọkùnrin náà. Kò sí àkókò láti lọ sí Ìbàdàn, nítorí náà ó to ìlà àwọ̀ tuntun sí etí bébà, ó ń bu íńkì kún un díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà sì jókòó ti ẹ̀rọ pẹ̀lú fọ́tò ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí bébà kan bá jáde, á ní ó kù. Òmíràn á jáde, á ní èyí ti ń jọ àbúrò ìyá òun. Ó ku díẹ̀ kí a tẹ gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn tán lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde, ọkùnrin náà dìde, ó ṣí fìlà.

“Yèyé, ẹ kúàbọ̀,” ló wí fún bébà náà. Ibẹ̀ ni èmi náà ti bú sẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà tiwa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó bá wá tẹ fọ́tò ló ń bá àwọ̀ ara rẹ̀ pàdé, ẹjọ́ ò sì tán lẹ́nu wọn. Ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé kan bẹ bàbá mi pé kó bá òun wá íńkì àtijọ́ yẹn díẹ̀, òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ wọn yà sọ́dọ̀ atẹ̀wé kejì, ẹni tí mo gbà pé ó ti lọ ra ìpara.

Ayé ti yí báyìí. Fóònù yín ti fọ ojú èèyàn kó tó yà á tán. Nígbà ọjọ́ ìbí mi tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ mi gbé bánà ńlá kan kọ́ síwájú ilé. Mo bi wọ́n pé ọmọge wo ló ń ṣọjọ́ ìbí, wọ́n ní èmi ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì bá wọn jẹ kéèkì. Ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún wọn, mo sì ń sọ ọ́ létí ẹ̀yin náà: lọ́jọ́ tí mo bá lọ, fọ́tò tí mo ti dú, tí ojú mi ti hunjọ, ni kí ẹ gbé síta, kí àwọn tó mọ̀ mí má baà dé ẹnu ọ̀nà mi tán, kí wọ́n tún máa bèèrè ilé ẹni tí wọ́n wá sin.