Píìnì Labalábá Nídìí Fùláwà

Ọdún mẹ́rìnlá ni àǹtí mi fi ń po fùláwà nílé-iṣẹ́ búrẹ́dì. Aṣọ funfun, fìlà funfun, ìbòmú funfun: gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jọra bí ẹyin inú kéréètì. Tí wọ́n bá fẹ́ pè é, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ yẹn!" ni wọ́n máa ń wí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti lọ jìnnà. Ó dá wà, kò sì fi pa mọ́ fún èmi ọmọ àbúrò rẹ̀.

Oge rẹ̀ kò ju píìnì kan lọ, labalábá búlúù tí ìyá rẹ̀ fún un. Òfin ni pé irin kankan ò gbọdọ̀ dé ìdí fùláwà. Àmọ́ olóríkunkun ni àǹtí mi. Abẹ́ aṣọ iṣẹ́, níbi àyà, ló máa ń há a sí. Mo bi í pé oge wo ló wà nínú ohun tẹ́nikẹ́ni ò rí. Ó ní òun ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kan àyà, kò bá píìnì náà. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá wá fi búrẹ́dì gbé abẹ́rẹ́ mì ńkọ́? Ó pariwo pé píìnì labalábá òun ti já bọ́. Wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú fùláwà pípò.

"Ta ló fún yín ní píìnì ọ̀hún, mà?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Ìyá mi ni. Aránṣọ ni wọ́n."

"Ẹ mọ oge ṣe báyìí, ẹ wá ń fi pa mọ́!" ni obìnrin tó ń wọn ṣúgà wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Bí àǹtí mi ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá a, nǹkan gún un níbàdí. Píìnì ti já bọ́, ó há sí ìgbànú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀, ó panu mọ́. Wọ́n ṣì ń bi í nípa ìyá rẹ̀.

Nígbà tó tó wákàtí kan, oníṣúgà kúnlẹ̀ kó lè wo abẹ́ ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn ún. Ojú ti àǹtí mi.

"Mo ti rí i."

"Nígbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ẹ̀ ń bi mí nípa ìyá mi lọ́wọ́ ni."

Kò sẹ́ni tó bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Oníṣúgà di ògiri mú, ó dìde.

"Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mà. Ṣé ẹ ò kàn lè sọ pé ẹ fẹ́ ká máa bá yín sọ̀rọ̀ ni?"

Àǹtí mi sọ fún mi pé òun ò mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ọ́.